Ta Ló Wọ̀n Ọ́n? Àkọsílẹ̀ Yìnyín, Òkun àti Afẹ́fẹ́, àti Ojú Ewé Tiwa Nínú Rẹ̀

    

Àkòrí tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún àádọ́rin ọdún ilé-ẹ̀kọ́ yìí gbé lé mi lọ́wọ́ ni ìwádìí tuntun lórí ayé tí à ń gbé: yìnyín rẹ̀, òkun rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò tíì gbọ́ lórí rédíò pé ayé ń gbóná, pé yìnyín ń yọ́, pé òkun ń ga. Àwọn kan gbà á gbọ́ nítorí pé òyìnbó ló sọ ọ́. Àwọn mìíràn kọ̀ láti gbà á gbọ́, nítorí pé òyìnbó náà ló sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ wà lẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá, kí ẹ bi í léèrè pé: Ta ló wọ̀n ọ́n? Níbo ló ti wọ̀n ọ́n? Láti ìgbà wo ló ti ń wọ̀n ọ́n?

Ẹ wo káàdì alájọ. Àmì ọjọ́ kan lórí káàdì kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, káàdì yẹn ni ẹlẹ́rìí láàárín alájọ àti ẹni tó ń dá a. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá fò lọ́jọ́ mẹ́wàá kò ní ẹnu láti fi jiyàn. Bí ìmọ̀ nípa ayé ṣe rí nìyẹn. Àwọn ènìyàn tó ń fi sùúrù sàmì lójoojúmọ́, nínú òtútù, lórí òkè, láàrin agbami, ló gbé e kalẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ lónìí. Èkíní, pé àkọsílẹ̀ yìí wà, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Èkejì, pé ojú ewé tó jẹ́ tiwa nínú rẹ̀ ṣófo ju bó ti yẹ lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa kọ ọ́.

1. Afẹ́fẹ́

Lọ́dún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eunice Foote kó oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú ìgò gígùn, ó ki tẹmómítà bọ inú wọn, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Èyí tó ní carbon dioxide nínú, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tí igi àti epo sì ń tú jáde bí wọ́n bá ń jó, ló gbóná jù. Nígbà tó gbé e kúrò nínú oòrùn, òun náà ló pẹ́ jù kó tó tutù. Foote kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí irú afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ sí i lójú òfuurufú, ayé yóò gbóná ju bó ṣe wà lọ. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú Albany lọ́dún náà, ọkùnrin ló bá a kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kò yẹ̀.

Ohun tó kù ni kí ẹnì kan mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ náà ń pọ̀ sí i. Charles David Keeling ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ní ibi tó ga ju 3,000 mítà lọ, láàrin Òkun Pàsífíìkì, níbi tí èéfín ìlú kò ti lè da ẹ̀rọ náà láàmú. Ohun tí ó kọ́kọ́ kà ni pé bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, bíi 313 nínú rẹ̀ ni carbon dioxide. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, iye náà ti ju 424 lọ. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú nílẹ̀ Yúróòpù, bíi 280 ló wà.

Keeling tún rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kedere ṣáájú rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún lọ, nígbà tí igi ìhà àríwá ayé bá ti rúwé, ewé á máa fa afẹ́fẹ́ yìí mu, iye rẹ̀ á sì máa wálẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Bí ewé bá wọ́, á tún gòkè. Lọ́dọọdún ni ayé ń mí sínú, tó ń mí síta báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún náà ni ìgòkè ń borí ìwálẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn láti tọ́jú. Ní ọdún 1964, owó tán, àkọsílẹ̀ sì já fún oṣù díẹ̀; àlàfo náà wà níbẹ̀ títí di òní, kò sí owó tó lè rà á padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, òkè Mauna Loa bú gbàù, iná rẹ̀ ṣàn gba ojú ọ̀nà, ó já wáyà iná mànàmáná, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbé ìwọ̀n náà lọ sórí òkè Mauna Kea tó wà nítòsí kí àmì má baà fò. Keeling kú lọ́dún 2005. Ọmọ rẹ̀, Ralph Keeling, ló ń bójú tó iṣẹ́ náà lọ. Àwọn bàbá wa sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó dá òwe yìí mọ ohun tí Keeling mọ̀: ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó, àbéèrètúnbéèrè ló ń fi ohun tó ń yí padà hàn.

2. Yìnyín

Ẹnì kan lè sọ pé: ọdún 1958 kò jìnnà, ta ló wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn láti wọn afẹ́fẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Yìnyín ni òòbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ rí.

Ní Antarctica, ilẹ̀ òtútù tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ayé, yìnyín tó bá rọ̀ kì í yọ́. Ti ọdún yìí á bọ́ lé ti èṣí lórí, èyí tó wà lókè á máa tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ títí yóò fi di bí àpáta. Afẹ́fẹ́ tó wà láàrin wọn kò ní ibi tí yóò gbà jáde; á há sínú rẹ̀ bí èéhó wínníwínní. Lọ́dún 1965, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Claude Lorius, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bu lára yìnyín àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ jáde, wọ́n sì jù ú sínú ife ọtí whisky ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bí yìnyín náà ti ń yọ́, èéhó inú rẹ̀ ń bẹ́ nínú ife. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ́ sí Lorius lọ́kàn pé afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ ló ń jáde yìí, pé ó ṣeé kó, ó sì ṣeé wọ̀n.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ gbígbẹ́ yìnyín ti ń jinlẹ̀ sí i. Láàárín ọdún 1996 sí 2004, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbẹ́ ihò tó jìn ju 3,200 mítà lọ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Dome C, wọ́n sì fa ọ̀pá yìnyín jáde tó gbé ìtàn afẹ́fẹ́ 800,000 ọdún dání. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, carbon dioxide ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, láti nǹkan bí 180 sí 300. Kò fi ìgbà kankan dé ibi tó wà lónìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tún gbẹ́ dé orí àpáta nísàlẹ̀, ní 2,800 mítà, ní Little Dome C tí kò jìnnà síbẹ̀. Yìnyín tí wọ́n rí ti lé ní 1,200,000 ọdún. Lábẹ́ òtútù tó ń lọ sí ìwọ̀n 35 nísàlẹ̀ òdo, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹni tó bá ní ayé ti gbóná rí, kó tó di pé èèyàn ní mọ́tò, kò purọ́. Yìnyín yìí kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ bi yìnyín léèrè bó ṣe yára tó. Nígbà tí ayé ń jáde kúrò nínú ìgbà òtútù ńlá tó kẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló gbà kí carbon dioxide tó fi bíi 80 gòkè. Àwa ti fi ju 100 kún un láti ìgbà tí Keeling ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, èyí tí kò tíì pé àádọ́rin ọdún. Ojúgbà ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí àti àkọsílẹ̀ náà.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ sí yìnyín náà báyìí? Láti ọdún 2002, wọ́n ti fi sátẹ́láìtì méjì sójú ọ̀run, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì ní nǹkan bí 220 kìlómítà. Bí wọ́n bá ń kọjá lókè ibi tó wúwo, òòfà ilẹ̀ ibẹ̀ á fa èyí tó ṣíwájú, àlàfo àárín wọn á sì yí padà díẹ̀. Nípasẹ̀ àlàfo yìí ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo yìnyín láti òkè. Greenland ti ń pàdánù nǹkan bí 270 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yìnyín lọ́dún kan. Antarctica pẹ̀lú ń pàdánù ju 100 bílíọ̀nù lọ. Yìnyín tó ń léfòó lójú omi kì í mú kí òkun ga bó bá yọ́, torí ó ti gba àyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà wá sí.

Ọ̀kan nínú irú yìnyín orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Thwaites, ní ìwọ̀-oòrùn Antarctica. Ó fẹ̀ tó bí erékùṣù Britain, bí gbogbo rẹ̀ bá sì yọ́ tán, òkun káàkiri ayé yóò fi bíi 65 sẹ̀ǹtímítà ga. Àwọn olùwádìí fi omi gbígbóná lu ihò nínú yìnyín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó 600 mítà, wọ́n sì sọ rọ́bọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Icefin kalẹ̀ sínú òkun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kéde lọ́dún 2023 ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Níbi tí ìsàlẹ̀ yìnyín ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yọ́ tó bí wọ́n ti rò. Ṣùgbọ́n níbi tó ti lanu, àti níbi tó ti dà bí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń jẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n sọ èyí tó tu ni nínú, wọ́n sì sọ èyí tó ń bà ni lẹ́rù. Ẹni tó bá wọn nǹkan ní tòótọ́ kì í ṣà á sọ.

3. Òkun

Òkun ló ń ru ẹrù tó wúwo jù. Nínú gbogbo ooru àfikún tó há sínú ayé nítorí afẹ́fẹ́ wọ̀nyí, ju ìdá 90 nínú 100 ló wọ inú òkun. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin carbon dioxide tí ọmọ aráyé ń tú jáde, òkun náà ló ń gbé e mì. Bí kì í bá ṣe òkun, ooru tó ń yọ wá lẹ́nu lóròòru kì bá tún jẹ́ ọmọdé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Tẹ́lẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń ju tẹmómítà sínú òkun. Ibi tí ọkọ̀ kò bá gbà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀rọ kan sínú òkun tí wọ́n ń pè ní Argo. Ẹ̀rọ yìí á rì dé 1,000 mítà, á máa bá omi lọ níbẹ̀. Ní ìjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, á sọ̀ kalẹ̀ dé 2,000 mítà, á wá máa gòkè bọ̀, á máa wọn ooru àti iyọ̀ omi bọ̀ lọ́nà, títí yóò fi yọ orí síta láti ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Lẹ́yìn náà á tún rì. Nǹkan bí 4,000 irú rẹ̀ ló wà nínú òkun ayé lónìí, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgbọ̀n ló ń dá owó rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè rí ohun tí wọ́n kà lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Omi tó bá gbóná a máa wú. Ìdí kan nìyẹn tí òkun fi ń ga. Ìdí kejì ni yìnyín orí ilẹ̀ tó ń yọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Láti ọdún 1993 tí sátẹ́láìtì ti ń wọn ojú òkun, ó ti fi nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà ga. Ẹlòmíràn á ní, kí ni 10 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò? Bí ó ṣe ń yára sí i ni kí ẹ wò. Lọ́dún 1993, mìlímítà méjì àti díẹ̀ ló ń fi ga lọ́dún. Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó ti di ìlọ́po méjì. Òkèèrè sì ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

4. Sánmà tó wà lókè orí tiwa

Kábíyèsí, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti mú yín dé Hawaii àti Antarctica. Ẹ jẹ́ kí á darí sílé.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà para pọ̀ ṣe ìwádìí ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DACCIWA, láti mọ ohun tí èéfín, àwọsánmà àti òjò ń bá ara wọn ṣe lórí ilẹ̀ wa. Ibi mẹ́ta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí: Kumasi ní Ghana, Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Savè, àti Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ti Jámánì, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ń gbéra láti Lomé ní Togo láti lọ gba afẹ́fẹ́ inú àwọsánmà.

Gbogbo wa la mọ sánmà ìgbà òjò tó máa ń dúdú fẹẹrẹ láti òwúrọ̀, tí oòrùn kì í ráyè yọjú títí di ọ̀sán. Ohun tí wọ́n rí ni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, afẹ́fẹ́ tútù láti òkun á wọ inú ilẹ̀ wa lọ, á sáré gba ìsàlẹ̀ sánmà kọjá lóru. Bí ilẹ̀ bá ti tutù tó, àwọsánmà pẹlẹbẹ á bo ojú ọ̀run kí àkùkọ tó kọ. Àwọsánmà yìí ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè dé ilẹ̀, òun ló sì ń pinnu bí ọ̀sán yóò ṣe gbóná tó. Síbẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò ojú ọjọ́ ọ̀la kì í sábà rí i bó ṣe rí, nítorí pé ìwọ̀n láti agbègbè wa kò pọ̀ tó láti fi kọ́ wọn.

Wọ́n tún rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò retí. Èéfín ìlú wa pọ̀ lóòótọ́: mọ́tò, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀, iná igi, ààtàn tí a ń dáná sun. Ṣùgbọ́n ìpín ńlá nínú èéfín tó wà lókè etí òkun wa ní àsìkò yẹn, láti ibi tí wọ́n ti ń sun igbó ní àárín gbùngbùn àti ìhà gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Atẹ́gùn gbé e gba orí òkun Atlantic kó tó yà sọ́dọ̀ wa. Àwa náà ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Eruku ọyẹ́ tó ń pupa sí wa létè, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jáde láti àfonífojì Bodélé ní Chad níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ, a máa ré kọjá òkun dé Brazil. Ìwádìí tí wọ́n fi sátẹ́láìtì ṣe, tó jáde lọ́dún 2015, ṣírò rẹ̀ pé eruku Sàhárà ń gbé nǹkan bí 22,000 tọ́ọ̀nù phosphorus, tó jẹ́ ajílẹ̀, lọ fún igbó Amazon lọ́dọọdún. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Ayé kò ní ògiri.

5. Etí òkun tiwa

Àwọn ọmọ Ìlàjẹ wà láàrin wa níhìn-ín. Wọ́n mọ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Òkun ti gbé ilé lọ níbẹ̀, ó ti gbé ojú pópó lọ, àwọn ènìyàn sì ti kó ẹrù títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ibi tí wọ́n ń kó o lọ mọ́.

Ǹjẹ́ ayé tó ń gbóná nìkan ló fà á? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò wọ̀n ọ́n. Òkun tó ń ga wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ náà jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ tó rẹlẹ̀, tó sì ń rì. Ọwọ́ ènìyàn pẹ̀lú wà nínú ohun tó ń ṣe etí òkun wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi wọlé. Ìgbì òkun wa sì ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta dá iyanrìn dúró: etí òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sí i, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ. Nígbà tí Ghana parí ìdídò Akosombo lórí odò Volta lọ́dún 1965, iyanrìn tí odò náà ń gbé wọ òkun há sẹ́yìn ìdídò, etí òkun Togo sì wà lára àwọn tó ń jẹ ìyà rẹ̀.

Mo sọ èyí kí á má baà di ẹni tó ń fi ojú ọjọ́ bo ẹ̀bi mìíràn mọ́lẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìlú tí kò bá mọ èyí tó jẹ́ ti òkun tó ń ga, èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ tó ń rì, àti èyí tó jẹ́ ti iyanrìn tí wọ́n dá dúró, yóò kàn máa da òkúta sómi, yóò máa náwó, òkun yóò sì máa bọ̀.

6. Ohun tí àkọsílẹ̀ ti ṣe rí

Àwọn ọ̀dọ́ lè máa bi ara wọn pé, bí a bá wọ̀n ọ́n tán ńkọ́? Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní Halley, ibùdó Gẹ̀ẹ́sì kan ní Antarctica, wọ́n ti ń wọn ozone lókè sánmà láti àwọn ọdún 1950. Ozone yìí ló ń dá apá tó le nínú ìtànṣán oòrùn dúró kó má baà dé ara wa. Ọdún gorí ọdún, iṣẹ́ náà sú ni. Kò sí ìròyìn kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1985, Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin fi àkọsílẹ̀ yẹn hàn gbogbo ayé pé ozone tó wà lókè ibẹ̀ ń já wálẹ̀ gidigidi nígbà ìrúwé. Àwọn kẹ́míkà tí à ń lò nígbà náà nínú fíríìjì àti agolo afúnǹkan ló ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal láti dá kẹ́míkà wọ̀nyí dúró, gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló sì wọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn. Lónìí, ozone náà ti ń kọ́fẹ padà díẹ̀díẹ̀; àwọn onímọ̀ ń retí pé yóò padà bọ̀ sípò lókè Antarctica ní nǹkan bí ọdún 2066. Kékeré ni wọ́n ti pẹ̀ka ìrókò yẹn.

Ti carbon dioxide le jù ú lọ, nítorí pé oúnjẹ, ọkọ̀ àti iná mànàmáná ni ó so mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: wọ̀n ọ́n, kọ ọ́, fi hàn, kí á tó lè jùmọ̀ pinnu.

7. Ojú ewé tiwa

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles pàdánù ife ẹ̀yẹ Áfíríkà sọ́wọ́ Côte d'Ivoire. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin bo gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó fi jẹ́ pé bó ṣe ń rí lára ènìyàn tó ìwọ̀n 50. Àwọn olùwádìí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn ṣírò rẹ̀ pé ayé tó gbóná ti mú kí irú rẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó mọ iye àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ tí ooru náà pa ní ìlú yìí? Kò sí nínú ìwé kankan. Ohun tí kò sí nínú ìwé, kò sí ìjọba tó ń ya owó sọ́tọ̀ fún un. Àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé ti sọ ọ́ títí pé Áfíríkà ni ibùdó ìwọn ojú ọjọ́ kéré sí jù láyé. Ilé sì la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, nínú owó àjọ̀dún yìí, ẹ ra ẹ̀rọ ìwọn òjò àti tẹmómítà fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Kò wọ́n tó aṣọ ẹbí tí a wọ̀ wá lónìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa kà á ní àkókò kan náà láràárọ̀, nígbà ìsinmi pàápàá, kí ọ̀gá wọn sì fọwọ́ sí ìwé náà. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan fo, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fò ó. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀ dí àlàfo. Àwọn àjọ tó ń bójú tó ojú ọjọ́ nílẹ̀ wa á mọ bí a ṣe ń lo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ kí wọ́n kó ìmọ̀ àwọn àgbà jọ kí ó tó bá wọn lọ. Ìgbà wo ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé nígbà tí ẹ wà ní ọ̀dọ́? Ọdún wo ni odò gbẹ? Igi wo ló dẹ́kun síso? Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ibi àti ọdún, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tí ọba kan wàjà ni wọ́n fi ń ka ọjọ́. Apẹja Ìlàjẹ tó lè na ọwọ́ sí agbami pé ibẹ̀ ni ilé ìyá òun wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí tí sátẹ́láìtì kò ní ló ní lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ba ọmọ tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun, ilẹ̀ tàbí ojú ọjọ́ lọ́kàn jẹ́. Bí wọ́n bá tún gbé irú ìwádìí DACCIWA wá, mo fẹ́ kí ó jẹ́ àwọn ọmọ wa ni yóò yan ìbéèrè tí wọn yóò bi sánmà, kí ó má jẹ́ pápá nìkan la óò máa yá wọn.